Ohun Tí Etí Ti Sọ fún Ojú

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìjókòó ìdí ẹ̀rọ o. Ẹ kú òwú, ẹ kú abẹ́rẹ́, ẹ sì kú ìfaradà oníbàárà tó fẹ́ wọ aṣọ lọ́la láì tíì gbé aṣọ wá lónìí. Ṣé àlàáfíà ni màmá mi wà? Ẹ bá mi kí wọn títí wọn ó fi rẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi ara yín pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Mo fẹ́ gba èdè wa padà ni. Ọmọ kékeré ni mí nígbà tí mo wá bá ẹ̀gbọ́n yín nílẹ̀ òkèèrè níbí láti kàwé, èdè náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ lẹ́nu mi bí ọṣẹ. Mo ti ra ìwé atúmọ̀ èdè, mo sì ń lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ògiri yàrá mi débi pé n kò rí àwọ̀ ògiri náà mọ́. Bí mo bá ṣì í kọ, ẹ fi pẹ́ńsùlù pupa sí i kí ẹ dá a padà. Ohun mìíràn ni pé lórí fóònù, kí n tó béèrè ara yín lẹ ti máa ń sọ pé "koko lara mi le", ẹ ó sì ti gbé fóònù fún màmá mi. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà ò lè sá báyẹn.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, wọ́n ti gbé wa dé ìdí maikirosikópù, awò tó ń sọ ohun tí kò tó nǹkan di ńlá. Yàrá náà gùn, tábìlì rẹ̀ funfun, aṣọ dúdú ni wọ́n fi bo fèrèsé kí oòrùn má baà bá iná awò jà. Olùkọ́ wa jẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan. Bí wọ́n bá ń ronú, wọn a máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Ohunkóhun tí a bá sọ pé a rí, èsì kan náà ni wọ́n ń fún wa: "Ẹ tún un wò." Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní Màdáámù Ẹ-Tún-Un-Wò, lẹ́yìn wọn o.

Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan la máa ń kán sórí gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní síláìdì. A ó fi etí síláìdì mìíràn fà á kó tẹ́ pẹẹrẹ, a ó jẹ́ kó gbẹ, a ó sì rẹ ẹ́ ní aró. Mo wá fi ojú sí awò náà fúngbà àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí mo rò pé omi pupa lásán ni, bọ́tìnnì ni gbogbo rẹ̀, bọ́tìnnì tó dà sílẹ̀ lọ súà, inú àwọn bọ́tìnnì yìí sì ni kòkòrò ibà ń gbé. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ibà kan náà ni gbogbo ibà. Kò rí bẹ́ẹ̀, Bàbá mi. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ìwà wọn ò jọra. Ọ̀kan dà bí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní òkúta pupa lórí. Òmíràn na ara rẹ̀ gbalaja láti etí kan bọ́tìnnì dé èkejì, bí ẹni di bẹ́líìtì mọ́ ìdí. Òmíràn sì ń ba ilé tó ń gbé jẹ́ ni: á fà á gùn bí ẹyin, etí rẹ̀ á ya jákujàku, á sì wọ́n àmì róbótó-róbótó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sí gbogbo inú rẹ̀. Ìkẹrin ṣì wà, n kò tíì rí i. Iṣẹ́ wa ni ká dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí oògùn tó lé ọ̀kan lọ lè má lé èkejì tán.

Màmá mi ní ibà tún ṣe yín. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ èsì o, ẹ má ní kí wọ́n bá yín kọ ọ́.

Ọmọ yín,
Onígíláàsì

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Onígíláàsì mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á fún ara mi, mo kà á fún ìyá rẹ, mo sì kà á fún oníbàárà kan tó wá gba ṣòkòtò, tí kò rí ṣòkòtò gbà títí mo fi kà á tán. Ó ní kí n kí ọ. Ó tún ní ọmọ tó mọ̀wé tó báyìí ì bá mọ̀ pé ẹnì kan wà nídùúró.

Mi ò fi pupa sí èdè rẹ o. Ó kàn dà bíi pé o wọ bàtà tuntun ni, o ń gbé ẹsẹ̀ sókè jù. Máa wọ̀ ọ́ lọ, yóò gba ẹsẹ̀ rẹ.

Àwọn kòkòrò rẹ yìí, ìyá rẹ ní wọn á ti ní orúkọ gígùn tí ẹnu aránṣọ ò ní lè pè. Torí náà mo ti sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó dà bí òrùka, Olórùka ni. Èyí tó di bẹ́líìtì, Onígbàjá. Èyí tí etí ilé rẹ̀ ya jákujàku, ṣé aṣọ tí wọn ò tíì ṣẹ́ etí rẹ̀ kọ́ nìyẹn? Aláìṣẹ́tí. Sọ fún olùkọ́ rẹ pé ọwọ́ aránṣọ ni orúkọ wọn ti wá, kó má yí i padà.

O ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ó dáa, wo ìlà yìí, ṣé o rí i bó ṣe ń jó? Ibà ni. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Màá lo oògùn, ara mi á dá, màá gbàgbé ẹ̀. Ìgbà tí mo bá wá gba iṣẹ́ ńlá tán ni yóò tún kan ilẹ̀kùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń gé yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́ ni òtútù mú mi, sísọ́ọ̀sì gbọ̀n, mo gé apá ọ̀tún méjì fún ọmọ kan ṣoṣo. Ìyá rẹ ní bóyá ọmọ náà máa ń dáhùn ìbéèrè púpọ̀ ní kíláàsì.

A rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n màá sọ òótọ́ fún ọ. Ikú ò bà mí lẹ́rù tó ọjọ́ tí ọwọ́ mi ò ní lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Iṣẹ́ mìíràn wo ni mo mọ̀?

Má bẹ̀rù jù. Obìnrin kan ń wo ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó wà ní ìparí òpópó wa. Ojú-Abẹ́rẹ́ ni mò ń pè é, torí ojú ẹ̀ tinrin, kò sì sí ohun tó ń fò ó. Ó ní eléyìí kì í ṣe Olórùka tó pọ̀ nílùú, òun ṣì ń wò ó.

Bàbá rẹ,
Aránṣọ

Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ara líle tí kò le. Mo bínú díẹ̀, mo sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Báwo lẹ ṣe lè máa gbọ̀n nídìí ẹ̀rọ kí ẹ sì máa sọ fún mi lórí fóònù pé koko lara yín le? Mo gbé lẹ́tà yín sábẹ́ iná, mo ń wo ìlà rẹ̀ bí ẹni ń ka síláìdì. Gbogbo lẹ́tà tó ga ló tẹ̀.

Mo sọ àwọn orúkọ yín ní kíláàsì. Màdáámù Ẹ-Tún-Un-Wò ní kí n túmọ̀ wọn, ẹsẹ̀ wọn sì dúró lórí ilẹ̀. Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sára pátákó, wọ́n ní ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan rí ìṣẹ́tí nínú ẹ̀jẹ̀, ó wu àwọn láti rí i. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ gígùn mọ́ nínú yàrá wa. Inú mi dùn débi pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Ojú-Abẹ́rẹ́ kí wọ́n fi síláìdì kan ránṣẹ́ lára ẹ̀jẹ̀ yín. Ṣé ó dá yín lójú pé wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn kòkòrò yìí dáadáa? Níbí, ẹni méjì ló máa ń ka síláìdì kan náà, ẹnì kan ò sì gbọdọ̀ gbọ́ ohun tí ẹnì kejì rí. Bí ọ̀rọ̀ wọn ò bá dọ́gba, ẹnì kẹta á bá wọn dá a.

Ẹ̀yin nìkan ni mo kọ èyí sí o.

Onígíláàsì yín

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún

Onígíláàsì mi,

O ó ti máa rò pé mo ti gbàgbé rẹ. Mi ò gbàgbé. Mo dá wàhálà sílẹ̀ ni, mo sì ń dúró kó rọlẹ̀.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún Ojú-Abẹ́rẹ́. Mo mọ̀, o ní èmi nìkan. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó dùn báyẹn, ta ló lè dá a jẹ? Mo kà á dé ibi tí o ti ń béèrè bóyá ó mọ ìyàtọ̀ dáadáa, ó sì ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rí i pé ó yẹ kí n fò ó. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé kó tó mọ orúkọ ibà ni èmi àti ibà ti ń wojú ara wa."

Láti ọjọ́ yẹn, àgbọ̀n ló fi ń kí mi láti òdìkejì òpópó. Ìyá rẹ ní kí n má wulẹ̀ dá sí i, ẹnu mi ti ṣe tirẹ̀.

Àfi bó ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó gbé síláìdì lé orí tábìlì. Ó ní òun ti rò ó sókè, òun ti rò ó sísàlẹ̀. Ó ní òótọ́ lọmọ yín sọ, ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ló ń báni rí tẹni. Ó ní ẹni tí kò bá fẹ́ kí ojú kejì wo iṣẹ́ òun, kó lọ máa ránṣọ. Mo fa àga fún un. Ìgbà wo ni mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀?

Ó ní kí n má sọ ohun tí òun rí fún ọ rárá. Ó mú kí n ṣèlérí níṣojú ìyá rẹ. Mo sì ṣèlérí, torí náà mi ò ní sọ. Ṣùgbọ́n kí o má baà máa wá a kiri lásán, jẹ́ kí n kàn fi yé ọ pé Onígbàjá ni, kí o lè mọ ohun tí ojú rẹ máa wá. Mi ò sọ ju ìyẹn lọ.

Inú páànù bọ́tìnnì ni mo fi síláìdì náà sí, mo fi àgékù aṣọ wé e nípele-nípele. Bó bá fọ́, kì í ṣe ọwọ́ mi.

Bàbá rẹ

Ọjọ́ kẹta, oṣù keje

Bàbá mi, màmá mi,

Mo kí yín méjèèjì, mo sì kí ẹ̀kẹta yín tó wà ní ìparí òpópó. Síláìdì dé, kò fọ́. Òórùn áyọ́ọ̀nù ṣì wà lára aṣọ yín nígbà tí mo tú u.

N kò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹni tí n kò mọ̀ ni mo ti ń wò láti ìgbà yìí. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ yín ni. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn padà wọ ilé tí wọ́n bí i sí, tó ń rìn láti yàrá kan sí èkejì, tí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun dún. Ibí yìí ni wọ́n ti gé mi, ni mo wí nínú ara mi.

Ẹ sọ fún Ojú-Abẹ́rẹ́ pé gbogbo kíláàsì ló wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà tinrin, ó rọra tán lọ bí ahọ́n, kò sí bọ́tìnnì kan tó gun orí ìkejì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun ti ń gbìyànjú láti fa irú rẹ̀ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Onígbàjá ni lóòótọ́. Mo wá ìgbàjá, mo rí ìgbàjá, ó nà gbalaja bí ẹ ti wí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn fún ọ̀rọ̀ tí mo kọ. Ojú méjì ti wò ó, ẹnu méjì sì ti kò. N kò tilẹ̀ da Màdáámù láàmú mọ́. Onígbàjá kì í fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ bí àwọn mìíràn ti ń ṣe. Bí ẹ bá ti lo oògùn tí dókítà fún yín tán, ó lọ nìyẹn, ẹ lè gba yunifọ́ọ̀mù gbogbo ilé-ìwé ìlú.

Onígíláàsì

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án

Ọmọ mi,

Èmi ni, ìyá rẹ. Bàbá rẹ ò mọ̀ pé mò ń kọ ìwé yìí, torí ó ní ká má da ìdánwò rẹ rú. Èmi ò kì í kọ̀wé, o mọ̀. Fara mọ́ bó o bá ṣe rí i.

Ibà náà ti padà. Ó lo oògùn náà tán bí wọ́n ṣe wí, ara rẹ̀ yá, ó ń súfèé nídìí ẹ̀rọ débi pé mo ní kó dákẹ́. Ó gba yunifọ́ọ̀mù wọlé jọ. Ló bá tún dé, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀. Ó da aṣọ àwọn ènìyàn padà fún wọn ní gígé, ó ń bẹ̀ wọ́n. Lánàá mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo bá a tó ń fi aṣọ funfun bo ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ etí rẹ̀ dáadáa. Mo bi í pé kí lò ń ṣe. Ó ní eruku ni. Eruku kì í mú kí ènìyàn bo ẹ̀rọ báyẹn. Ìgbà yẹn ni mo wá bírò.

Ìwọ ní Onígbàjá kì í padà. Obìnrin ilé ìwòsàn náà ní Onígbàjá lòun rí, ara òun ò sì balẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì sọ ohun kan náà, ibà náà ò sì gbọ́. Èmi ò mọ nǹkan kan nínú awò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rí ohun tí ojú wa ò lè rí, mo bẹ̀ yín, ẹ tún un wò.

Ìyá rẹ

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹwàá

Bàbá mi, màmá mi,

Bàbá mi, ẹ má bínú sí màmá mi pé wọ́n kọ̀wé. Ìwé tó dáa jù tí mo tíì gbà nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi parí rẹ̀ sì ni Màdáámù ti ń sọ fún wa láti oṣù kejì.

Mo gbé síláìdì náà lọ bá Màdáámù. N kò sọ ti ta ni, n kò sọ ohun tí mo rí. Wọ́n wò ó pẹ́. Ẹsẹ̀ wọn ń lu ilẹ̀, ó ń lu ilẹ̀, ó dúró. Wọ́n bi mí pé kí ni mo pè é. Mo ní Onígbàjá. Wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò retí: "Kí o tó fi ojú sí i, kí lo ti gbọ́?"

Mo jẹ́wọ́ pé lẹ́tà yín ti sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní, "Etí rẹ ti sọ fún ojú rẹ. Tún un wò. Má bẹ̀rẹ̀ láti ìgbàjá, bẹ̀rẹ̀ láti etí aṣọ."

Mo jókòó, mo sì ka etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi, wọ́n ya jákujàku. Kì í ṣe gbogbo wọn, ibì kan lè má ní ju ọ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní: bọ́tìnnì tó gùn bí ẹyin, tó tóbi ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ṣẹ́ etí rẹ̀. Kòkòrò inú rẹ̀ lè dì pọ̀ kó dà bí ẹni di ìgbàjá, ìyẹn ni mo sì rí, torí òun ni mo lọ wá. Aláìṣẹ́tí ló wà lára yín.

Ìyẹn ló fi ń padà. Ẹ mọ òwú òkè àti òwú ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ? Oògùn tí ẹ ń lò ń yọ tòkè, ẹ ó sì rò pé ó ti tán. Tìsàlẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀dọ̀, ó fara pamọ́, bí ó bá wù ú, á tún gòkè. Oògùn mìíràn wà fún tìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má lò ó kí dókítà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún un, torí ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn jẹ́.

Ohun kan ṣì rú Màdáámù lójú. Ó yẹ kí Aláìṣẹ́tí ní àwọn àmì róbótó-róbótó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn nínú ilé rẹ̀. Lórí síláìdì yín, wọn ò sí. Bí wọ́n bá wà ni, Ojú-Abẹ́rẹ́ ì bá ti rí wọn kí wọ́n tó jókòó dáadáa. Ojú-Abẹ́rẹ́ ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà lórí gíláàsì ni wọ́n sọ. Èmi ni mo wo ohun tí wọ́n ti sọ fún mi, tí mo sì pè é ní ojú kejì.

N kò dá yín lẹ́bi pé ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ fẹ́ràn mi ni, ẹ ò fẹ́ kí n wá a kiri. Nísinsìnyí ẹ gbé lẹ́tà yìí lọ bá Ojú-Abẹ́rẹ́, ẹ kà á fún wọn láti òkè délẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má fo nǹkan kan.

Onígíláàsì yín

Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kọkànlá

Onígíláàsì mi,

Mo kà á láti òkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi àwọn àmì pupa, Ojú-Abẹ́rẹ́ ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Mo rò pé yóò bínú, mo ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò wò mí rárá, garawa omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró rẹ̀ ló ń wò.

Ó mú ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó tì í bọ inú omi náà, ìwé yí àwọ̀. Ó ní omi náà kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ kànga tuntun sẹ́yìn ilé ìwòsàn ló ti ń fi omi rẹ̀ po aró, kò sì sẹ́ni tó ronú pé kànga lè bá ojú ṣe ọ̀tá. Aró tí a bá fi omi kíkan pò kì í mú àwọn àmì yẹn jáde. Èmi aránṣọ mọ̀ pé omi lè pa aró aṣọ. Mi ò mọ̀ pé ó lè fi ibà pamọ́.

Ó gba ẹ̀jẹ̀ lára mi. Ó wá omi tó dáa, ó tún aró pò, ó rẹ síláìdì kan sínú ti àtijọ́, ó rẹ èkejì sínú ti tuntun. Lẹ́yìn náà ló pè mí pé, "Bàbá, ẹ wá wo àlejò yín."

Mo fi ojú sí awò. Mo rí igbó dúdú kan, mo ní Ọlọ́run mi, ibà ti pọ̀ tó yìí. Ó ní ìpéǹpéjú mi ni mò ń wò, kí n sún sẹ́yìn díẹ̀. Mo sún. Ọmọ mi, mo rí i. Mo rí etí tí a kò ṣẹ́. Mo rí àwọn àmì náà tó wọ́n sínú rẹ̀ wínníwínní, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ tó tinrin jù láyé gún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lẹ́wà, n kò gbọdọ̀ purọ́. Nǹkan tó ti gbọ̀n mí jìgìjìgì, tó gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi, kò tó orí abẹ́rẹ́, wọ́n sì wọ̀ ọ́ láṣọ tó báyẹn. Mo ronú pé ohun tí ìwọ ń wò lójoojúmọ́ nìyí.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí o mọ̀. Kò jókòó. Ó ṣí àpótí, ó kó síláìdì gbogbo ẹni tí òun ti pè ní Onígbàjá láti ìgbà tí kànga náà ti dé, ó ń tún wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ránṣẹ́ pe àwọn tó ni wọ́n. Àwọn kan bínú sí i lójú ara rẹ̀. Apá wọn ló ní kí wọ́n nà, kí òun gba ẹ̀jẹ̀ tuntun. Mo ti ń ránṣọ láti kékeré, mi ò rí ẹni tó tú iṣẹ́ ara rẹ̀ palẹ̀ báyẹn rí láìjẹ́ pé oníbàárà ló ní kó tú u.

Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní oògùn tìsàlẹ̀ kò ní ṣe mí ní ibi. Mo ti ń lò ó. Ojú-Abẹ́rẹ́ ní kí n sọ fún ọ pé àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kò sẹ́ni tó jókòó lé e. Ó ní ẹnu èmi náà nìyẹn, apẹ̀rẹ̀ ajádìí, òun ò ní gbé nǹkan sínú rẹ̀ mọ́.

Bàbá rẹ

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà

Onígíláàsì mi,

Ìwé kúkúrú ni mo fẹ́ kọ, torí ìyá rẹ jókòó tì mí, ó ń ka ohun tí mò ń kọ bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Láti ìgbà tí mo ti lo oògùn náà lọ́dún tó kọjá, ara mi ti fúyẹ́. Mo ti ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ, mo ti fi í rán kọ́tìnì. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá òjò pa mí, ara mi sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí ara mi á yá tí ibà yóò sì tún padà. Ojú-Abẹ́rẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó fa síláìdì méjì, ó ka ọ̀kan, èkejì ló wà nínú páànù bọ́tìnnì yìí.

Ó ti sọ ohun tó rí fún mi, torí ara mi ni.

Ìlà tí o rí tí wọ́n pa rẹ́ sókè yìí, ìyá rẹ ló pa á. Ó ní mo ti ń sún mọ́ ọn jù.

Mi ò ní sọ. Kà á.

Bàbá rẹ

Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà

Bàbá mi, màmá mi,

Ẹ kú ìdákẹ́jẹ́. Mo mọ bó ṣe nira tó.

Nígbà tí páànù náà dé, mo yọ síláìdì, n kò sì ṣí lẹ́tà. Mo fún ọ̀rẹ́ mi kan ní kó bá mi mú un dání, torí bí mo bá rí ìlà ọwọ́ yín pẹ́nrẹ́n, bó gbọ̀n ni o, bí kò gbọ̀n ni o, ojú mi á ti gbọ́ nǹkan.

Aró Ojú-Abẹ́rẹ́ mọ́ gaara. Mo bẹ̀rẹ̀ láti etí. Mo lọ láti òkun dé ọ̀sà ẹ̀jẹ̀ náà, mo padà, mo tún lọ. Màdáámù kà á nínú yàrá tiwọn, èmi kà á nínú tèmi, ẹnikẹ́ni nínú wa ò wo ojú ẹnì kejì títí a fi kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo bọ́tìnnì ló rí róbótó. Gbogbo etí ni wọ́n ti ṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti wọ yàrá yìí ni wọ́n ti ń kọ́ mi láti rí nǹkan. N kò mọ̀ pé ọjọ́ tí inú mi máa dùn jù ni ọjọ́ tí n ó wò títí ojú mi á fi ṣomi, tí n kò ní rí ohunkóhun.

Ìgbà yẹn ni mo tó gba lẹ́tà yín lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Gbogbo lẹ́tà tó ga ló dúró ṣánṣán.

N kò rí nǹkan kan, Bàbá mi. Ẹ lè sọ̀rọ̀ báyìí.

Onígíláàsì yín